Omi Tó Wà Lọ́wọ́ Mi

5 Máàṣì 2025, Ọjọ́rú Eléérú

Ẹ̀rù ń bà mí pé Láńre ọmọ mi ò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́. Mo kọ ọ́ síbí nítorí kò sẹ́ni tí mo lè wí i fún. Bí mo bá wí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn á ní kí n mú un wá fún ìdáǹdè. Bí mo bá wí i fún àbúrò ẹ̀, ẹ̀rín ni yóò fi mí rín. Bàbá wọn tí ǹ bá sì fọ̀rọ̀ lọ̀ ti wà nínú sàréè, ọjọ́ ti pẹ́.

Ní Sọ́ńdè tó kọjá, àwọn méjèèjì wá jẹun lọ́dọ̀ mi ní Addo. Láńre ti Sàngótẹ̀dó wá, Fúnmilọ́lá ti ilé ọkọ ẹ̀ wá lẹ́yìn ọjà Ajah, pẹ̀lú oyún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ oṣù keje. Ẹ̀wà àti dòdò ni mo sè. Tíṣà ni Láńre, ìtàn ló ń kọ́ àwọn ọmọ olówó nílé ìwé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́sítéètì VGC. Ó ń jẹun lọ́wọ́, ló bá ní, "Màámi, ẹ mọ̀ pé Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ tá a máa ń kà ti pé ọdún 1,700 lọ́dún yìí?"

Mo ní Ọlọ́run ṣeun.

"Ọba Róòmù ló pe àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ sí ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Nísíà. Ọkọ̀ ìjọba ló fi kó wọn. Wọ́n jiyàn títí lórí bóyá Ọmọ bá Baba dọ́gba, wọ́n wá kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tí kò fọwọ́ sí i, ọba lé wọn kúrò nílùú. Ó lé ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n tún un kọ."

"Ìwọ wà níbẹ̀?"

"Rárá, Màámi. Ẹ̀yin náà ò sí níbẹ̀."

Ẹ̀rín pa Fúnmi títí ó fi di ikùn mú. Ó ní, "Ẹ má dá Bọ̀ọ̀dá Láńre lóhùn jàre. Wọn ò tíì san owó oṣù fún wọn ni."

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ohun tó sọ ló bà mí lẹ́rù, bó ṣe sọ ọ́ ni, bí ẹni ń sọ iye tí wọ́n ń ta epo.

9 Máàṣì, Sọ́ńdè

Bàbá Olùṣọ́ Samson béèrè Láńre lẹ́yìn ìsìn. Mo ní iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó wá. Irọ́ pípa nínú Lẹ́ńtì, ó ku ohun tí mo tún fẹ́ ṣe.

Ooru yìí ò dáa. Èmi ni mò ń rán aṣọ àdúrà fún ìjọ wa, gbogbo ayé ló sì fẹ́ tuntun fún Àjíǹde. Bí mo bá jókòó sídìí ẹ̀rọ, òógùn á máa kán sórí aṣọ funfun, màá tún dìde lọ fọ ọwọ́. Mọ̀nsúrát tó ń ta ike àti abọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi ń gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì. Ó ní, "Ìyá Láńre, ebi ń pa ṣọ́ọ̀bù méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Oníbàárà tó bá bínú sí wa lónìí, ó rí ìjà."

12 Máàṣì

Iná ò wá látàárọ̀. Èédú ni mo fi mú áyọ́ọ̀nù gbóná. Aṣọ funfun tún ti gbówó lórí, ẹni tó ń tà á ní kì í ṣe ẹjọ́ òun, dọ́là ni.

16 Máàṣì, Sọ́ńdè

Mo lé Láńre kúrò nílé mi lónìí.

Èmi ni mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Mo bi í ohun tí Ọlọ́run ṣe fún un. Ó ní Ọlọ́run ò ṣe òun ní nǹkan kan, òun kàn ń kàwé ni. Ó ní wọn ò tíì máa ṣe Kérésìmesì nígbà tí àwọn àpọ́sítélì wà láyé. Ó ní ọ̀rọ̀ Mẹ́talọ́kan gan-an kò sí nínú Bíbélì, àwọn tó wá lẹ́yìn ló hun ún pọ̀. "Gbogbo ẹ̀kọ́ ló ní ọjọ́ ìbí, Màámi, bí ènìyàn. Ẹlòmíràn wà tó ti kú, a kàn ń gbé òkú ẹ̀ kiri ni."

Mo ní kó dìde.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n fọ abọ́ mi ná."

Ó fọ abọ́ ẹ̀ lóòótọ́. Ó fọ tèmi mọ́ ọn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó lọ. Láti ìgbà tó ti lọ ni mo ti ń sunkún sórí aṣọ Ìyá Ẹgbẹ́ Akọrin.

21 Máàṣì, Ẹtì

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lónìí, òun náà ló bá mi lójú ọ̀nà. Bọ̀sún ọkọ Fúnmi pè mí láti ọsibítù pé ẹ̀jẹ̀ ń dà, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ. Oṣù ọmọ ò pé. Kí n tó débẹ̀ wọ́n ti gbé ọmọ jáde. Obìnrin ni. Wọ́n gbé e sínú àpótí gíláàsì, wọ́n fi rọ́bà sí i nímú. Bọ̀sún, àgbàlagbà ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe lórí òrùlé ilé alájà mẹ́rin láì bẹ̀rù, ilẹ̀ ló jókòó sí.

Láńre ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Kò sẹ́ni tó rántí ìjà.

22 Máàṣì

Mo rán aṣọ àdúrà kékeré kan. Kò gùn tó láti ìgúnpá mi dé ọrùn ọwọ́. Mo mọ̀ pé ó yá jù. Ọwọ́ mi ò gbọ́.

23 Máàṣì, Sọ́ńdè

Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ò tíì gbó. Ó ní ká máa gbàdúrà. Nígbà tí dókítà bá ní kí ènìyàn máa gbàdúrà, ó ti wí tán.

Mo gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ tààrà. Mo kúnlẹ̀ fún Bàbá Olùṣọ́ ní iyàrá àdúrà wọn, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wá ṣèrìbọmi fún ọmọ náà lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà."

Wọ́n ní kí n dìde. N ò dìde.

Wọ́n ní, "Ìyá Láńre, ẹ mọ̀ ọ́n. Ọmọ gbọ́dọ̀ pé ogójì ọjọ́, kí ìyá ẹ̀ wẹ̀ mọ́, kó gbé e wọ ilé àdúrà fúnra ẹ̀. A kì í ṣèrìbọmi níta."

"Bí kò bá pé ogójì ńkọ́, Bàbá?"

Wọn ò fẹ́ wí i. Èmi náà ò fẹ́ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo dúró títí wọ́n fi wí i. Ọmọ tó bá lọ ṣáájú ìrìbọmi, a kì í wọ̀ ọ́ láṣọ àdúrà. A kì í kọrin. Àwọn àgbà ọkùnrin á gbé e lọ sétí ọ̀sà, ìyá ẹ̀ ò ní mọ ibẹ̀. A kì í sì dárúkọ ẹ̀ mọ́ ti àwọn ẹni mímọ́ nígbà ìrántí.

Mo ti ń gbọ́ òfin yìí láti ogún ọdún sẹ́yìn, mo sì máa ń ṣe àmín sí i. Ọmọ ẹlòmíràn ló ń kú nígbà yẹn.

25 Máàṣì

Láńre ní òun á bá mi padà lọ sọ́dọ̀ Bàbá Olùṣọ́. Mo ní kò gbọdọ̀ fi ẹnu tíṣà bá Bàbá sọ̀rọ̀. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Inú mi dùn díẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ogójì ọjọ́ yẹn, níbo ló ti wá?"

"Léfítíkù, orí kejìlá."

"Ti ọmọkùnrin ni ogójì níbẹ̀, sà. Bí ènìyàn bá ro ti ọmọbìnrin pọ̀, ọgọ́rin ni. Obìnrin ni ọmọ Fúnmi. Kí ló dé tí ìjọ wa fi ń ka ogójì fún gbogbo wọn?"

Wọ́n ní, "Bàbá Olùdásílẹ̀ ló dín in kù. Ẹ̀mí ló bá wọn sọ̀rọ̀ lórí òkè. Àánú ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, sà. Bí àánú bá lè gé ogójì kúrò nínú ọgọ́rin, ṣé kò lè gé èyí tó kù?"

Mo ro pé Bàbá á bínú. Wọ́n kàn bọ́ awò ojú wọn, wọ́n gbé e lé orí itan. Ojú wọn kéré láìsí awò.

"Láńre, ọmọ tó kàwé ni ọ́, o mọ bí a ti ń bi ènìyàn ní ìbéèrè. Èmi náà á bi ọ́ ní ọ̀kan. Èmi àti ìyàwó mi ti sin méjì. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé wọn lọ sétí ọ̀sà, láìsí aṣọ, láìsí orin. Ìyá wọn ò mọ ibẹ̀ títí dòní. Bí mo bá ṣe é fún tiyín, kí ni mo fẹ́ délé sọ fún un?"

Láńre tún dọ̀bálẹ̀ fún wọn.

Nígbà tí a jáde, ó wọ bàtà ẹ̀ tán, ó ní, "Bí wọ́n ṣe ń pẹ́ láyé nìyẹn, Màámi. Àwọn òfin yẹn. Kì í ṣe pé wọ́n dá ẹnikẹ́ni lójú. Ẹni tó bá ti sanwó ẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ pé ọ̀fẹ́ ni."

27 Máàṣì

Bẹ́ǹṣì ọsibítù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ibùsùn wa. Láńre ń sọ fún mi pé láyé àtijọ́, bíṣọ́ọ̀bù kan wà ní apá òkè Áfíríkà, Ògústínì, tó ní ọmọ ọwọ́ tí kò ṣèrìbọmi á jìyà, àmọ́ ìyà tó fúyẹ́ jù lọ ni. Àwọn tó wá lẹ́yìn ẹ̀ ò lè gbé ìyẹn mì. Wọ́n bá wá ibì kan fún àwọn ọmọ náà létí ọ̀run, tí kò sí iná, tí kò sì sí ojú Ọlọ́run. Ọgọ́rùn-ún ọdún lórí ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn ìyá fi ń gbọ́ ibẹ̀ yẹn. Ní ọdún 2007, àwọn àgbà onímọ̀ Kátólíìkì wá kọ ọ́ pé ìrètí wà pé Ọlọ́run á gbà wọ́n là.

Mo ní, "Àwọn ọmọ tó ti wà létí ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ta ló lọ sọ fún wọn?"

Ó wá ní ohun kan ò yí padà láti ayébáyé: bí ikú bá ti sún mọ́, ẹnikẹ́ni lè ṣèrìbọmi fún ẹlòmíràn. Agbẹ̀bí ń ṣe é. Ìyá àgbà ń ṣe é. Omi, àti orúkọ Baba àti Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, ó parí. Àwọn ìjọ ńláńlá gbà á bẹ́ẹ̀.

Mo bi í pé ìwọ tó ò gbà á gbọ́, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?

"Ẹ̀yin gbà á gbọ́. Fúnmi gbà á gbọ́. Ohun tó kàn mí nìyẹn."

28 Máàṣì, Ẹtì

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Kò sí oyin, kò sí iyọ̀, nọ́ọ̀sì ò gbà á. Bọ̀sún sún ẹnu mọ́ ihò àpótí náà, ó pè é ní Olúwadábírà. Ọmọ náà na ìka kan. Bọ̀sún ní ó gbọ́. A gbà pé ó gbọ́.

30 Máàṣì, Sọ́ńdè

Ọdún Ìtùnú Ààwẹ̀ lónìí. Mọ̀nsúrát gbé ìrẹsì àti ẹran wá fún mi láàárọ̀, ó ní kí n gbé e lọ fún àwọn tó wà ní ọsibítù. Mo jẹ nínú ẹ̀ lójú ọ̀nà. Lẹ́ńtì mi ti bàjẹ́, n ò bìkítà.

Fúnmi ò tíì lè dìde dáadáa. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Màámi, Bọ̀ọ̀dá ti sọ fún mi pé ìyá àgbà lè ṣèrìbọmi fún un. Ẹ bá mi ṣe é. Bàbá ò ní mọ̀. Ẹ ṣáà bá mi ṣe é." Mo ní màá ṣe é.

Mo ra omi inú ike kan níta. Wọ́n jẹ́ kí n wọlé lọ bá ọmọ. Mo bọ́ bàtà, nítorí a kì í wọ bàtà gbàdúrà. Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ẹ wọ bàtà yín, ẹ jọ̀ọ́. Ilẹ̀ ibí yìí ò ṣeé fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀." Mo tún un wọ̀.

Mo dúró níbẹ̀ nínú bàtà rọ́bà. Ọwọ́ mi wà nínú ihò àpótí yẹn, ìwọ̀n ìka mi ni ọwọ́ ẹ̀. Ike omi wà lọ́wọ́ mi kejì, mo ti ṣí i. Gbogbo ohun tí mo ti kọ́ nínú ìjọ dìde dúró sáàárín èmi àti ọmọ náà. Obìnrin kì í ṣèrìbọmi fún ẹnikẹ́ni. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ mi. Aṣọ ọsibítù aláwọ̀ ewé ni mo wọ̀, kì í ṣe funfun. Bí mo bá ṣe é tí kò tọ́, ṣé mi ò ní fi ọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn ọ̀run pa mọ́ ọn? Mo ní kí n lọ bẹ Bàbá lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní ó di ọ̀la.

Mo dé ike omi náà, mo fi í sínú báàgì.

31 Máàṣì

Ó lọ láàárọ̀, kí n tó débẹ̀.

3 Épírì

Bọ̀sún àti àwọn àgbà méjì ló gbé e lọ. Láńre ní òun á bá wọn lọ, wọ́n ní àbúrò ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá kì í lọ. Ó ní ta ló ṣe ìyẹn lófin. Ó dúró sẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, ó kọjú sí ògiri.

Mo mú aṣọ kékeré náà dání. Mo nà án sí Bàbá Olùṣọ́. Wọ́n gbà á, wọ́n wò ó, wọ́n ká a dáadáa, wọ́n dá a padà fún mi. Bí wọ́n ṣe ká a, ọwọ́ ẹni tó mọ aṣọ ọmọdé ni.

Aṣọ ìnura funfun tí wọ́n fún wa ní ọsibítù ni wọ́n fi wé e.

Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Fúnmi, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí. "Màámi, ṣé ẹ ṣe é?"

Mo ní, "Fúnmi…"

Ó yí ojú sí ògiri.

8 Épírì

Bọ̀sún gbé Fúnmi lọ sọ́dọ̀ ìyá tiẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ kó lè sinmi. Fúnmi ò bá mi dágbére. Mo ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí Wáásàpù, ó ń kà á, mo rí àmì aláwọ̀ búlúù. Kò fèsì. Ọmọ tí mo ń bẹ̀rù fún kọ́ ló sọnù mọ́ mi lọ́wọ́. Ìkejì ni, èyí tó ń rẹ́rìn-ín.

13 Épírì, Sọ́ńdè Ọ̀pẹ

N ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ń kọrin kọjá lójú títì pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́, aṣọ tí mo rán wà lọ́rùn wọn. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ ara mi.

Mọ̀nsúrát kan ilẹ̀kùn títí mo fi ṣí i. Ó jókòó. Ó ní, "Ọmọ tí kò mọ ẹ̀ṣẹ̀, àlùjánnà tààrà ni. Á máa dúró de ìyá ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bí wọ́n ṣe ń wí i nílé kéwú nìyẹn látìgbà tí mo ti gbọ́njú."

Mo jowú ẹ̀. Ọlọ́run tèmi ni mo sìn ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, ilé aládùúgbò ló ti wá ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ-ọmọ mi. N ò lè gbà á, n ò sì lè gbàgbé ẹ̀.

18 Épírì, Ẹtì Rere

Láńre wá. Ó sè indómì fún mi, ó dúró tì mí kí n jẹ ẹ́. Ó ní, "Màámi, ènìyàn ló ṣe òfin yẹn. Ọmọ yẹn ò sí níta níbì kankan. Ẹ má fi jẹ ara yín níyà."

Mo ní, "Ó dáa. Ènìyàn ló ṣe òfin. Ta ló ṣe ọ̀run?"

Ó fẹ́ kó abọ́, mo di ọwọ́ ẹ̀ mú.

"Àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí ọba fi ọkọ̀ kó, ṣé kì í ṣe ọwọ́ wọn náà la ti gba ìyẹn? Ẹ̀ẹ̀kan náà lo fà á yọ, Láńre. O yọ ẹ̀gún, ẹran bá a jáde. Bí Ọlọ́run bá ló ṣe òfin, ọmọ mi wà níta. Bí ènìyàn bá ló ṣe é, a jẹ́ pé ẹ̀rù lásán ni mo bà tí n ò fi da omi, kò sì dá mi lójú mọ́ pé inú ibì kankan wà tí ọmọ náà wà. Èwo ni kí n gbàdúrà pé kó jẹ́ òótọ́?"

Ó ní, "N ò mọ̀, Màámi." Ó wá sunkún. Ọkùnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Mo gbá a mọ́ra, ìrẹ̀wẹ̀sì wa wá di ọ̀kan náà.

20 Épírì, Àjíǹde

Mo lọ. Mo jókòó lápá ọ̀dọ̀ àwọn ìyá.

Lẹ́yìn ìwàásù, akọ̀wé ìjọ dìde, ó ní ìwé dé láti olú ìjọ tí wọ́n ní kí a kà ní gbogbo ẹ̀ka lónìí. Láti òní lọ, olùṣọ́ lè ṣèrìbọmi fún ọmọ tó ń ṣàìsàn níbikíbi tó bá wà, kì báà jẹ́ ọsibítù. Ọmọ ọwọ́ tó bá sùn ṣáájú ìrìbọmi, a ó wọ̀ ọ́ láṣọ àdúrà, a ó kọrin, a ó kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́. Àwọn tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí tẹ́lẹ̀, kí wọ́n mú orúkọ ọmọ náà wá ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù karùn-ún, pẹ̀lú aṣọ funfun kékeré kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí a lè gbàdúrà sí i.

Àwọn ọ̀dọ́ kígbe àlelúyà, wọ́n pàtẹ́wọ́. Apá ọ̀dọ̀ tiwa dákẹ́. N ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé a pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìyá kan tó ti ju ẹni ọgọ́rin ọdún lọ bọ́ gèlè ẹ̀, ó fi bojú.

Akọ̀wé wá ka ìsàlẹ̀ ìwé: ìpàdé àwọn àgbà inú oṣù kìíní ló fọwọ́ sí i.

Oṣù kìíní. Inú Fúnmi ni ọmọ ṣì wà nígbà yẹn.

Bàbá Olùṣọ́ ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Bóyá wọ́n ti mọ̀, bóyá wọn ò mọ̀, n ò bi wọ́n. Bí mo bá bi wọ́n tí wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ni màá ṣe?

24 Épírì

Àwọn ìyá ti ń wá láti ọjọ́ Ajé. Aṣọ kékeré ni gbogbo wọn ń fẹ́. N ò tíì gé ọ̀kan.

Ìyàwó Bàbá Olùṣọ́ wá lónìí. Mo gbé àga fún wọn. Wọ́n ní, "Méjì ni tèmi."

Bí mo ti máa ń bi gbogbo ayé ni mo ṣe bi wọ́n, kò sí nínú ọkàn mi: "Ìwọ̀n wo, Ìyá?"

Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sínú afẹ́fẹ́. Wọ́n fẹ̀ ẹ́, wọ́n dín in kù, wọ́n tún un fẹ̀ díẹ̀. "Àkọ́kọ́ tó báyìí. Èkejì, wọn ò jẹ́ kí n gbé e. Ẹ ṣe é bí ọwọ́ yín bá ṣe gbà."

Mo ń wo àlàfo tó wà láàárín ọwọ́ wọn. Wọn ò tètè sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Wọ́n ní, "Ọjọ́ tí Bàbá sọ fún mi pé òfin ti yí padà, mo ní kí wọ́n mú mi lọ síbi tí wọ́n sin àwọn ọmọ sí. Wọ́n ní ilé ti gba ibẹ̀. Àwọn olówó ti fi yanrìn dí etí ọ̀sà." Wọ́n rẹ́rìn-ín kan tí mi ò fẹ́ gbọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀yin náà á mú ti ọmọ Fúnmi wá?"

Mo ní orúkọ ọmọ kò sí lọ́wọ́ mi láti mú wá.

27 Épírì, Sọ́ńdè

Ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí i lónìí nìyí. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ síbí kí n tó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù.

Fúnmilọ́lá, n ò ní kọ́kọ́ kí ọ, torí n ò mọ̀ bóyá o fẹ́ kíkí mi. Omi wà lọ́wọ́ mi. Mo ṣí i. Ẹ̀rù bà mí, mo dé e. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́yìn ìyẹn, n ò sì ní kí o dárí jì mí.

Wọ́n ti yí òfin náà padà. Bọ̀sún á ti sọ fún ọ. Bàbá ní Ẹ̀mí ló yí i padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní ènìyàn ló ṣe é, ènìyàn ló tún un ṣe. Èmi ò mọ̀ mọ́. Mo ń lọ síbẹ̀ torí n ò mọ ibòmíràn tí à ń lọ.

Ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ ka orúkọ àwọn ọmọ. Mo ti rán ti àwọn ẹlòmíràn tán. Ti Olúwadábírà wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ mi, bí Bàbá ṣe ká a ni mo ṣe fi í síbẹ̀, n ò tú u. Tìrẹ ni, kì í ṣe tèmi. Ṣé kí n gbé e lọ kí wọ́n ka orúkọ ẹ̀, tàbí kí n fi í rán Láńre sí ọ ní Ẹ̀pẹ́, tàbí kí n tú u ní rírán kó padà di aṣọ lásán? Ohun tí o bá wí ni màá ṣe. Bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lo bá lè tẹ̀, tẹ̀ ẹ́ sí mi. Má jẹ̀ẹ́ kó di Sátidé kí n tó gbọ́, ọmọ mi. Tètè dá mi lóhùn.